Kí Ẹ̀kọ́ tí Ọmọ Ti Kọ́ Lè Bá A Dé Ilé-ẹ̀kọ́ Kejì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa ní ìlú Ẹdẹ

Ẹ̀yin ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, a júbà kí a tó la ẹnu. Àlejò ni a jẹ́ nínú ilé yín; bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa Ẹdẹ, ẹ má ṣe bínú, ẹ fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé kí ẹ sì tọ́ wa sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fún wa láti sọ kò dùn létí bí ìtàn ogun tàbí oríkì ọba. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ àti ti máàkì. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwa fúnra wa rò pé ọ̀ràn àwọn akọ̀wé ilé-ìwé ni, àti pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ tí ń gbé iyì ilẹ̀ Káàárọ̀-oò-jíire ga máa fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé e lórí. Ohun tí ó yí wa lọ́kàn padà ni ohun tí ojú wa rí nínú ìlú yìí gan-an.

Ọmọbìnrin kan wà ní Ẹdẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ó ṣì ń tọrọ oore lọ́wọ́ àwọn tí ó lè ka ìwé yìí. Ìyá rẹ̀ ń ta ata àti ẹ̀fọ́ ní Ọjà Tìmì. Ọmọ náà lo ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe kan, ó kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ND pẹ̀lú máàkì tí ó dára. Ó tún lo ọdún kan gbáko lẹ́nu iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ ohun tí orí rẹ̀ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, yunifásítì ìjọba kan sì gbà á wọlé. Ayọ̀ kún ilé. A gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kò gba owó ata lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ dé ọ̀hún, wọ́n ní kí ó lọ jókòó ní ipele 100, láàrin àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ilé-ìwé girama sílẹ̀. Ó bèèrè ìdí rẹ̀. Akọ̀wé ní ohun tí ó kọ́ kò bá ti àwọn mu. Ó bèèrè ibi tí kò ti bá a mu. Akọ̀wé nawọ́ sí ìwé kan lára ògiri. Ọmọ náà ka ìwé ara ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ohun tí ó kàn án níbẹ̀. Ọjọ́ tí a ó san owó ibùsùn ni wọ́n kọ sí i.

Báyìí ni ó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń di ìgò mú àti bí a ti ń wọn omi kẹ́míkà sínú rẹ̀, ohun tí ó ti ń ṣe ní ojoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ fi ìka ọwọ́ kà á fún wa: méjì, ọ̀kan, mẹ́rin. Ọdún méje. Ó wá wò wá lójú, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ di dókítà?" A dákẹ́, nítorí pé ọdún mẹ́fà ni.

Ìdí nìyí tí a fi dìde sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bí àwọn baba wa ti ń ṣe irú ọ̀ràn yìí. Ìlú àyàn ni ìlú yìí. Níhìn-ín ni Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 títí di 1975, ọba tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìmọ̀ ìlù, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń lù ú. Ẹ̀yin tí a bí nílé àyàn mọ̀ ju àwa lọ. Bí ọmọ kan bá ti kọ́ ìlù fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, tí ọ̀gá náà kú tàbí tí ó ṣí lọ, tí a sì mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, ǹjẹ́ ọ̀gá tuntun yóò ní kí ó wá kọ́ bí a ti ń di kọ̀ǹgọ́ mú? Rárá o. Yóò gbé ìlù lé e léjìká, yóò ní, "Ó yá, ki baálé ilé yìí fún mi." Níbi tí ọwọ́ ọmọ náà bá ti kọsẹ̀, níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá kọsẹ̀, ọ̀gá yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mú un lọ sóde ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ọ̀gá náà kò bèèrè iye ọdún tí ó lò, kò sì bèèrè orúkọ agboolé tí ó ti kọ́ ọ. Etí rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ìdájọ́.

Bákan náà ni ti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ní 1907 ni irin dé Òṣogbo, ó sì gba Ẹdẹ yìí kọjá. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ láti Èkó ní ayé ìgbà náà, tí ó ń lọ sí òkè, kò sí òṣìṣẹ́ kan ní ibùdó Ẹdẹ tí yóò sọ fún un pé ibùdó tí ó ti kọjá kò sí lákọsílẹ̀, pé kí ó padà lọ wọkọ̀ láti Ìdó. A mọ̀ pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹrù inú ọkọ̀, ẹ̀kọ́ kì í sì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rìn dé Ẹdẹ ti rìn dé Ẹdẹ.

Nísinsìnyí, báwo ni ọ̀ràn ti rí lọ́dọ̀ wa? Ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ẹdẹ yìí láti 1992. Ní Òṣogbo, tí kò ju ìrìn kékeré lọ nínú mọ́tò, ni olú ilé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 2006. Ifẹ̀ wà ní apá kan pẹ̀lú yunifásítì ńlá tirẹ̀. Irèé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìpínlẹ̀. Nínú Ẹdẹ kan náà, yunifásítì aládàáni méjì tún wà, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn kọ́ ni a ń sọ lónìí; owó ìlú ni a ń sọ. Gbogbo àwọn ti ìjọba wọ̀nyí, àpò kan náà ni a ti ń bọ́ wọn, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n sì ń kọ́. Ṣùgbọ́n baba tí ń ṣe àkóso wọn yàtọ̀. NUC, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 tí òfin sì fún ní agbára ní 1974, ni ó ń wo yunifásítì. NBTE, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 1977, ni ó ń wo ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. NCCE, ti 1989, ni ó ń wo ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. JAMB, láti 1978, ni ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé. Ilé mẹ́rin, ilẹ̀kùn mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní yúníìtì fún ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò bá wọn jókòó ní kíláàsì. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-dín-lógún tí sáà ẹ̀kọ́ fi ń lọ, a kà á sí yúníìtì kan. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́ta jẹ́ wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ọmọ ti ń yege ni yúníìtì rẹ̀ ń pọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí owó èsúsú, títí yóò fi pé iye tí a fi ń gba ìwé-ẹ̀rí. Wàyí o, ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé èsúsú tí ọmọ dá lọ́dọ̀ alájọ kan, alájọ kejì kò kà á. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń fi òṣùwọ̀n tí ó parí sí 4 wọn máàkì, yunifásítì ń fi èyí tí ó parí sí 5 wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kọ́ lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì wà ní ibi méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pè é ní GNS, èkejì ń pè é ní GST. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni o, gbólóhùn kan náà, àmì ìdánudúró kan náà! Síbẹ̀ ọmọ tí ó ti yege nínú GNS ń sanwó láti tún jókòó gbọ́ GST.

Òfin kò fi ọ̀nà dí pátápátá, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ND tàbí ti NCE tí ó dára lè gba ọ̀nà Direct Entry wọ ipele 200 ní yunifásítì. Ẹni tí ó wà ní yunifásítì kan lè ṣí lọ sí òmíràn lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, bí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì bá fọwọ́ sí i, tí JAMB pẹ̀lú sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí: ọdún méjì ní kíláàsì àti ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ di ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tí ó tún lọ gba HND, tí ó ti jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ipele 200 kan náà ni wọn yóò fi í sí, tàbí 300 bí ojú àánú bá wà. Kò sí ẹni tí ó gbé kọ́ọ̀sì rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Odindi ni wọ́n fi ń gé e, bí ẹni fi àdá gé aṣọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí, òun gan-an ni ó sì bí apá kan nínú ìjà òmìnira wa. Ní 1934 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga ti Yàbá ní gbangba. Wọ́n fi ayẹyẹ ṣí i, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Èkó ka ìwé náà tán, wọ́n rí i pé ìwé-ẹ̀rí tí a ó máa gbà níbẹ̀ kò ní dọ́gba pẹ̀lú dìgírì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni yóò jẹ́, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Ìwé tí kò kọjá Èkó ni! Ìbínú yìí ni ó mú kí Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà, ẹni tí ó padà di Ọdẹ́mọ ti Ìṣarà, dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ti Èkó sílẹ̀ ní ọdún náà. Ní 1936 ni wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ó wá da ọ̀nà òṣèlú rú mọ́ àwọn òyìnbó lọ́wọ́. Nítorí kí ni? Nítorí pé a kọ́ ọmọ, a kò sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọjá ẹnu ibodè. Bí àwọn baba wọ̀nyí bá jí dìde lónìí, tí wọ́n sì rí i pé àwa tí a lé òyìnbó lọ ni a ń fi irú ìwọ̀n kan náà wọn ọmọ ara wa, láti Ẹdẹ dé Òṣogbo, a kò mọ ojú tí a ó fi wò wọ́n.

Ẹ tún wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1948, nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, láti Yàbá ni a ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lọ. Dìgírì tí wọ́n ń gbà ní Ìbàdàn títí di 1962, ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn àti àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù jọ ń wo ìwé ìlànà ẹ̀kọ́, wọ́n jọ ń wo ìbéèrè ìdánwò. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, láti 1876 ni Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró ti ń fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní dìgírì Durham. Lẹ́tà inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú òkun, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Àwa lónìí ní tẹlifóònù, a ní kọ̀ǹpútà, a sì lè fi ẹsẹ̀ ara wa rìn láti ọ́fíìsì kan dé èkejì.

Tàbí kí a mẹ́nu ba Dókítà Nnamdi Azikiwe. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1925, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Storer ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì Howard. Owó sú u níbẹ̀, ó ṣí lọ sí Yunifásítì Lincoln, níbẹ̀ ni ó sì ti gba dìgírì ní 1930. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta! Bí ó bá jẹ́ pé ní gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ní kí ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni ìbá padà wá sí Áfíríkà láti tẹ ìwé ìròyìn?

A gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ ní ẹ̀yìn pé Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀run. Òtítọ́ ni ọ̀gbẹ́ni sọ. Ní 2017, ọ́fíìsì tí ń yẹ ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà wò gbé ìwádìí jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn láàrin 2004 àti 2009 pàdánù nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún yúníìtì tí wọ́n ti ní. Ìṣòro náà kò mọ ilẹ̀ wa nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn kan nínú wọn ṣe sí i. Ìpínlẹ̀ Florida ti kọ ìwé àdéhùn láti 1971 pé ẹni tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba yóò wọ ọdún kẹta ní yunifásítì ìjọba. Wọ́n sì fún àwọn kọ́ọ̀sì tí ó jọra ní nọ́ńbà kan náà ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí o bá ti kọ́ ọ níhìn-ín, o ti kọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àwọn ará Yúróòpù ń lo ìṣirò kan náà, 60 yúníìtì fún ọdún kan. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ẹbí wa tí ó wà lábẹ́ èdè Faransé, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Atakpamé. Láti 2005, tí àwọn yunifásítì púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti parapọ̀ ní Lomé, ni wọ́n ti ń sapá láti fi ìṣirò 30 fún sáà ẹ̀kọ́ kan àti 180 fún ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n kan. A kò sọ pé ó ti gún régé lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òṣùwọ̀n tí ẹni méjì lè jọ kà.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu àwọn yunifásítì pẹ̀lú, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní ìwé èké pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn ọmọ Nàìjíríà kan fi hàn pé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òun gba dìgírì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnu, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ January 2024 ni ìjọba wa dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Rẹ́jísírà tí ó ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fura. Ṣùgbọ́n ìfura kan ìwé tí a kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Èyí tí ó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní ìyànníyàn ojú wa ńkọ́? Ṣé a kò lè fi ìwé ránṣẹ́ láti bèèrè bóyá ọmọ náà jókòó níbẹ̀? Olè tí ó jí ewúrẹ́ aládùúgbò kò sọ gbogbo ewúrẹ́ ọjà di ti olè.

Wọ́n tún ní ẹ̀kọ́ ilé gbogboǹṣe jẹ́ ti ọwọ́, ti yunifásítì sì jẹ́ ti orí, pé ìjìnlẹ̀ wọn kò dọ́gba. Èyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, a kò sì ní fi ẹnu gbá a dànù. Ìṣirò tí a ń kọ́ ọmọ tí yóò tún ẹ̀rọ ṣe lè má jinlẹ̀ tó ti ẹni tí yóò ya àwòrán ẹ̀rọ náà. COREN pàápàá, tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ẹni tí ó ní dìgírì àti ọ̀tọ̀ fún ẹni tí ó ní HND. Bí ọ̀ràn bá kan afárá tí ènìyàn yóò gbà kọjá tàbí abẹ́rẹ́ tí a ó fi gún aláìsàn, àwa kò ní sọ pé kí wọ́n fi ojú fo ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí èyí ni pé kí a wo kọ́ọ̀sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣirò ọmọ kò bá jinlẹ̀ tó, kí ó tún ìṣirò kọ́. Èwo ni ti kí ó tún èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àti lílo kọ̀ǹpútà, àti ìtàn àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà? Ọ̀gá onílù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìṣáájú kò sọ pé gbogbo ọmọ ni ó mọ̀ ọ́n lù. Ó gbọ́ ìlù náà kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ìdí kan tún wà tí wọn kì í sọ jáde. Ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ipele 100 yóò san owó ọdún mẹ́rin. A kò fi èyí kan ilé-ẹ̀kọ́ kankan, a kàn ń sọ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń jèrè nínú pé kí ọmọ pẹ́, kò dára kí òun nìkan jẹ́ adájọ́ bí yóò ti pẹ́ tó.

Kí ni ọdún kan já mọ́? Ẹni tí ó bá rántí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì yóò mọ̀ ọ́n. Ní 2020, láti March títí di December. Ní 2022, láti 14 February títí di 14 October, oṣù mẹ́jọ. A kò dá ẹjọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi lónìí, nítorí pé ọ̀ràn owó oṣù àwọn olùkọ́ jẹ́ ọ̀ràn tí ó tó gbé ìpàdé kan kalẹ̀. Ohun tí a rí ni pé ní oṣù mẹ́jọ náà, àwọn ọmọ jókòó sílé ní Ẹdẹ, ní Ìwó, ní Ìkirè; àwọn kan kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àwọn kan gun ọ̀kadà, àwọn ọmọbìnrin kan sì lọ ilé ọkọ tí wọn kò padà mọ́. Yunifásítì kan tàbí méjì tí kò bá wọn yanṣẹ́ lódì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Bí ọ̀nà bá wà fún ọmọ láti kọ́ kọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta níbòmíràn ní àkókò náà, kí ó sì kó yúníìtì rẹ̀ padà sílé, ìbá má ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọkàn wa ti ń yọ̀ díẹ̀. Ní December 2022 ni NUC gbé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti September 2023. Ìwé yìí ní kí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo yunifásítì, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì fi 30 tí ó kù ṣe tirẹ̀. GST 111 ní Sókótó, GST 111 ní Ifẹ̀. A bẹ yín, ẹ gbé e yẹ̀ wò: bí ohun tí a ń kọ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ni ó tún kù tí yunifásítì méjì yóò fi sọ pé àwọn kò mọ ẹ̀kọ́ ara wọn? Ilẹ̀ ti ro, èbù iṣu ni ó kù kí a gbìn. Ohun tí ó kù ni kí NUC àti NBTE jókòó pọ̀, kí wọ́n gbé ìwé tuntun yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ND, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ́ọ̀sì báyìí-báyìí dọ́gba pẹ̀lú báyìí-báyìí.

Ṣùgbọ́n Àbújá jìnnà, ìjókòó wọn sì máa ń pẹ́. Nítorí náà, àbá tiwa kéré. Kí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti Ẹdẹ àti yunifásítì ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ láàrin ara wọn. Kí wọ́n mú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré, bóyá ìṣirò owó, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, kí olùkọ́ méjì méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fi ìka tọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ méjèèjì láti ìlà dé ìlà. Ohun tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí a tẹ̀ ẹ́ sí ìwé, kí a sì fi sí ibi tí ọmọ lè rí i kí ó tó ra fọ́ọ̀mù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti sanwó. Ọmọ tí a kò bá sì gba kọ́ọ̀sì rẹ̀, kí a kọ ìdí rẹ̀ fún un lórí ìwé, kí ẹnìkan sì fọwọ́ sí i. Èyí ni ó jẹ wá lógún jù lọ. Àwa gbàgbọ́ pé ìdajì wàhálà yìí yóò parẹ́ ní ọjọ́ tí akọ̀wé bá mọ̀ pé òun ní láti kọ ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ìwé èsì ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní transcript tún wà, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń fi ránṣẹ́ sí èkejì. Owó rẹ̀ ga, ó sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà ju bí lẹ́tà Fourah Bay ti ń pẹ́ lójú òkun lọ. A ti rí ọmọ tí ó pàdánù àyè rẹ̀ nítorí pé ìwé yìí kò dé ní àkókò, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wà ní ìpínlẹ̀ kan náà. Kí ni ó dé tí ìwé kò lè gba ojú íntánẹ́ẹ̀tì lọ ní ọjọ́ kan? Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì kí wọn.

Ẹgbẹ́ ti jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí kí a tó wá síhìn-ín, a sì ti yan ènìyàn márùn-ún, olùkọ́ méjì tí ó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wọn, láti kó ẹjọ́ jọ. Ẹjọ́ gidi ni a ń fẹ́, a kò fẹ́ àhesọ. Bí ọmọ yín bá ti bá irú ọ̀ràn báyìí pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ mú ìwé ND tàbí NCE rẹ̀ wá, àti ìwé tí yunifásítì fi gbà á, àti èyíkéyìí tí wọ́n bá fi dá a lóhùn. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ó bá wà nínú àpótí yín náà wúlò, kódà bí eku bá ti jẹ etí rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí ní ọjọ́ Sátidé méjì tí ó ń bọ̀, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà ni kí ẹ mú wá o. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nílé.